Ilé oúnjẹ àdúgbò: báwo lẹ ṣe ń mọ èyí téèyàn lè máa padà sí?

Aṣẹ̀ṣẹ̀dé béèrè pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó pé oṣù mẹ́ta báyìí tí iṣẹ́ gbé mi wá sí ìlú ńlá kan tí mi ò ti mọ ẹnikẹ́ni. Yàrá kan ṣoṣo ni mo gbà, ibi ìdáná tó wà nínú rẹ̀ kò gbà ju ìkòkò kékeré kan lọ, ilẹ̀ sì ti máa ń ṣú kí n tó tibi iṣẹ́ dé. Alẹ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀, ìta ni mo ti ń jẹun.

Ilé oúnjẹ kò wọ́n ládùúgbò mi. Láti ẹnu ọ̀nà mi dé ibùdókọ̀, mo ka mẹ́rìnlá, mo sì ti jẹun ní mẹ́sàn-án nínú wọn. Fóònù ni mo fi ń yan èyí tí màá wọ̀: èyí tí ìràwọ̀ táwọn oníbàárà fún un bá pọ̀ jù ni màá gbà lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni gbogbo ẹ̀ sú mi. Mo wọ ilé kan tí ìràwọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé márùn-ún. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, mi ò tíì fi nǹkan kan ẹnu látàárọ̀, èmi nìkan ni oníbàárà tó wà níbẹ̀. Wọ́n gbé ìrẹsì wá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbóná débi pé ó ń ta mí lẹ́nu, àmọ́ nígbà tí mo ki ṣíbí bọ àárín rẹ̀, ó tutù, ó sì ti lẹ̀ mọ́ra. Mo rí i. Mo sì jẹ ẹ́, torí ebi ń pa mí, ojú sì ń tì mí láti pe ọmọbìnrin tó gbé e wá padà. Kó tó di agogo méje, mo ti ń bì. Mo bì títí tó fi jẹ́ pé omi lásán ló kù tó ń jáde. Mo wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìwẹ̀, mo fẹ̀yìn ti ògiri, kò sí ẹni tí màá ní kó bá mi bu omi wá.

Mi ò ní dárúkọ ilé náà. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, báwo lẹ ṣe ń mọ ilé oúnjẹ tó ṣeé fọkàn tán kẹ́ ẹ tó jókòó níbẹ̀? Èkejì, ẹ má bínú bó bá jọ ọ̀rọ̀ kékeré lójú yín: báwo lèèyàn ṣe ń dá jẹun níta tí ara rẹ̀ á balẹ̀? Ó máa ń ṣe mí bíi pé gbogbo àwọn tó wà nítòsí ń wò mí. Màá tẹjú mọ́ fóònù, màá jẹun bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀, màá sì dìde. Mo fẹ́ ibì kan tí màá lè máa lọ, tí wọ́n á ti mọ ojú mi.

Alásè_Tẹ́lẹ̀rí fèsì pé:

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. O kú ewu. Kéèyàn máa bì nílẹ̀ àjèjì láìrí ẹni bu omi fún un, nǹkan tó le ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi se oúnjẹ ní ilé oúnjẹ àdúgbò, ilé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ̀yìn ríro tó ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ohun tí mo bá sọ fún ọ, inú ilé ìdáná ni mo ti rí i.

Jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ìrẹsì yẹn. N ò sí níbẹ̀, n ò sì lè búra, àmọ́ bí o ṣe jẹ ẹ́ lágogo mẹ́rin tó o sì ti ń bì kó tó di méje, ó jọ iṣẹ́ ọwọ́ kòkòrò àìlèfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus. Ó máa ń wà lára ìrẹsì láti oko, omi híhó kì í sì í pa irúgbìn kòkòrò náà. Bí ìrẹsì bá jinná tí wọ́n gbé e kalẹ̀ nínú ìkòkò ńlá, tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, irúgbìn yẹn á jí, á sì máa tu májèlé sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tún un gbé kaná, kòkòrò lè kú, àmọ́ májèlé tó ti tu sílẹ̀ kì í lọ. Láàárín wákàtí mẹ́fà, ẹni tó jẹ ẹ́ á ti máa bì. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń kìlọ̀ pé kí oúnjẹ tó ti jinná má ṣe wà nílẹ̀ lásán ju wákàtí méjì lọ: kó wà lórí iná, kó gbóná ju 60 °C lọ, tàbí kó wọ inú fíríìjì níbi tí kò ti ní gbóná tó 5 °C. Àárín tútù tí o rí yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn. Ó ń sọ fún ọ pé oúnjẹ àtẹ̀yìnwá ni, wọ́n tún un mú gbóná, ìgbóná yẹn ò sì dé inú.

Ohun tó kọ́kọ́ kó bá ọ ni wákàtí tí o lọ. Lágogo mẹ́rin, èrò ọ̀sán ti lọ, ti alẹ́ ò tíì dé. Alásè ti jókòó, ó ń na ẹsẹ̀. Ìkòkò ọ̀sán ti ń lọ sísàlẹ̀, ti alẹ́ ò tíì gorí iná. Ẹni tó bá wọlé lásìkò yẹn, ohun tó ṣẹ́ kù ló máa jẹ. Bí o bá fẹ́ mọ ilé kan dáadáa, lọ nígbà tí èrò bá ti ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ìkòkò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bù kì í pẹ́ nílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ka mẹ́nù wọn bí ẹni ń ka owó: ohun mélòó ló wà níbẹ̀? Ní ilé kejì tí mo ti ṣiṣẹ́, ohun méjìlélọ́gọ́ta ló wà lórí mẹ́nù. Àwa méjì péré la wà nídìí iná. Níbo lo rò pé ohun méjìlélọ́gọ́ta ti ń wá? Fìríìsà ni. Ọbẹ̀ kan náà la máa ń fún ní orúkọ mẹ́ta. Ilé tó bá kọ ohun mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, tí wọ́n sì lè là á mọ́lẹ̀ fún ọ pé èyí ti tán, ibẹ̀ ni kó o jókòó sí. Títí dòní, inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ "ó ti tán" nílé oúnjẹ. Òní ni wọ́n sè é nìyẹn.

Nínú ilé yẹn kan náà, gbogbo ike tí a bá kó sínú fíríìjì la máa ń lẹ bébà mọ́, a ó kọ ọjọ́ tí a sè é sí i. Èmi ni mo máa ń kọ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí a ti fẹ́ pa iná, ọ̀gá wa wọlé. Ó ṣí fíríìjì, ó gbé ike ẹran kan jáde, ó fi èékánná ká bébà tí mo lẹ̀ kúrò, ó rọra ń ká a bí ẹni ń bó èèpo ẹyin kó má baà ya. Ó lẹ tuntun, ó gba báírò lọ́wọ́ mi, ó kọ ọjọ́ òní sí i. Ó wá na ike náà sí mi nímú, ó ní, "Gbóòórùn rẹ̀, ṣé ó ń rùn ni?" Bẹ́ẹ̀, níta níbi tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, òdòdó tútù ló wà lórí gbogbo tábìlì, aṣọ tábìlì funfun gbòò, ìràwọ̀ wọn sì pọ̀. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí oṣù yẹn tó parí. N kì í fi òdòdó dá ilé oúnjẹ mọ̀ mọ́.

Àkísà ni mo fi ń dá a mọ̀. Wo ẹni tó ń nu tábìlì. Ṣé àkísà tó fi nu àga ló tún fi ń nu ibi tí ṣíbí rẹ máa wà? Ṣé ó ń fọ̀ ọ́, àbí ó kàn ń ṣẹ́ ẹ po ni? Wo ọwọ́ ẹni tó ń gba owó, bóyá ọwọ́ yẹn náà ló tún ń mú búrẹ́dì. Kó o tó sọ ohun tó o fẹ́ jẹ, lọ fọ ọwọ́ rẹ. Bí kò bá sí ọṣẹ nílé ìtọ̀ wọn, máa lọ, torí ní ọ̀pọ̀ ilé kékeré, ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ náà ń lò. Bó o bá sì rí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n jókòó sí kọ̀rọ̀, tí wọ́n ń jẹ nínú ìkòkò kan náà tí wọ́n ń bù fún oníbàárà, fọkàn balẹ̀.

Tún wo ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ló ní olùbẹ̀wò tó ń yọjú sí ilé ìdáná láìsọ tẹ́lẹ̀, tí èsì rẹ̀ sì ń wà níta kí gbogbo èèyàn rí i. Ní Los Angeles, láti 1998 ni wọ́n ti ń lẹ lẹ́tà mọ́ ojú fèrèsé, A ló dáa jù. New York bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2010. Toronto máa ń lẹ ìwé aláwọ̀ ewé fún ilé tó yege, pupa fún èyí tí wọ́n tì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òǹkà láti 0 dé 5 ni, àmọ́ òfin ò fi dandan mú wọn lẹ̀ ẹ́ síta bó ṣe fi dandan mú àwọn ará Wales tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, íntánẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti máa wá ti ẹni tí kò bá lẹ nǹkan kan. Wádìí bóyá irú rẹ̀ wà ní ìlú tí o wà. Àmọ́ mọ̀ pé ọjọ́ kan péré ni olùbẹ̀wò wá. Kò sí níbẹ̀ lálẹ́ tí ọ̀gá wa gba báírò lọ́wọ́ mi.

Èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni pé o rí i pé ó tutù, o sì jẹ ẹ́ torí ojú ń tì ọ́. Àbúrò, jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwa tá a wà lẹ́yìn kì í bínú sí ẹni tó bá dá oúnjẹ padà ní ṣíbí àkọ́kọ́. Ṣáà sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, àárín rẹ̀ tutù, ẹ bá mi fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀." Kó o wá wo ohun tí wọ́n á ṣe. Bí wọ́n bá gbé àwo kan náà padà wá kí o tó ṣẹ́jú, tí ojú ibi tí o ki ṣíbí bọ̀ ṣì wà níbẹ̀, dìde, kó o máa lọ ilé.

Kó o sì lọ fi ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá tó ẹ̀ka ìlera ìlú yẹn létí. Sọ ọjọ́, sọ wákàtí, sọ ohun tó o jẹ. Bí ẹlòmíì bá ti sọ ohun kan náà fún wọn ṣáájú, tìrẹ ló máa mú kí wọ́n dìde.

Ìyá_Ọmọ_Méjì fèsì pé:

Ẹ kú àlàyé o, Alásè. Aṣẹ̀ṣẹ̀dé, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.

Ara ọmọ mi ọkùnrin kì í gba ẹ̀pà. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn rẹ̀ o. Bó bá kan ètè rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ojú rẹ̀ á wú, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á fẹ́ dí. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú báàgì mi. Nítorí náà, ilé oúnjẹ tí mo bá máa wọ̀, mo gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá wọ́n ń sọ òótọ́ níbẹ̀.

Ẹni tó bá yára dáhùn kọ́ ni mo máa ń gbà gbọ́. Lọ́jọ́ kan mo bi ọ̀dọ́kùnrin kan bóyá ẹ̀pà wà nínú ọbẹ̀ wọn. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi ní, "Rárá mà, kò sí." Kò tiẹ̀ yíjú sí ilé ìdáná. Mo kó àwọn ọmọ mi, a jáde. Ní ilé tó wà lódìkejì títì, ọmọbìnrin tó dá wa lóhùn ní, "Ẹ má bínú mà, mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ bi wọ́n." Nígbà tó máa jáde, alásè fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, ó gbé ike òróró dání, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù, ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Àwa méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, a jọ kà á. Ó ní òróró yìí kò ní ẹ̀pà, àmọ́ agbada tí wọ́n fi ń dín ẹja, wọ́n ti dín nǹkan ẹlẹ́pà nínú rẹ̀ láàárọ̀, kí ọmọ mi má fẹnu kan ẹja. Ọdún kẹta rèé tí a ti ń lọ síbẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, mi kì í bi wọ́n mọ́ pé ṣé ẹ̀pà wà níbẹ̀. Òróró wo lẹ fi dín in? Kí lẹ kọ́kọ́ dín nínú agbada yẹn lónìí? Ṣé ṣíbí kan náà lẹ fi ń ro gbogbo rẹ̀? Èmi a máa bi wọ́n ní ohun tí "rárá" nìkan ò lè dáhùn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, láti oṣù Kejìlá ọdún 2014 ni òfin ti sọ pé ilé oúnjẹ gbọ́dọ̀ lè jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ bóyá èyíkéyìí nínú ohun 14 tí ara àwọn kan kì í gbà wà nínú ohun tí wọ́n sè. Ní Amẹ́ríkà, ohun 9 ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sára oúnjẹ inú páálí, yànmọ̀tí ló wọ̀ ọ́ kẹ́yìn, ní 2023. Bí ara yín bá tiẹ̀ ń gba gbogbo nǹkan, ẹ ṣáà béèrè. Ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe dáhùn.

Alásè ní kẹ́ ẹ lọ nígbà tí èrò bá pọ̀. Ní tiwa, kété tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn alẹ́ la ń dé, torí alásè tí ìkòkò mẹ́fà ń hó níwájú rẹ̀ ò ní ráyè gbé ike òróró jáde fún ẹnikẹ́ni.

Arìnrìn_Alẹ́ fèsì pé:

Mi ò bá yín jiyàn lórí àkísà, àmọ́ ẹ má tíì ju ìràwọ̀ orí fóònù nù. Mi kì í ka ọ̀rọ̀ ẹni tó fún wọn ní márùn-ún, mi kì í ka ti ẹni tó fún wọn ní ẹyọ kan. Ti ẹni tó fún wọn ní mẹ́ta ni mo ń kà. Irú wọn kò bínú, ẹnikẹ́ni ò sì bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀. Wọ́n á sọ fún yín pé ẹja yẹn dáa, àmọ́ ogójì ìṣẹ́jú làwọn fi dúró. Mo tún máa ń wo ọjọ́. Bí ogún èèyàn bá wá yìn wọ́n láàárín ọjọ́ méjì, tó sì jẹ́ pé oṣù mẹ́ta ṣáájú rẹ̀ kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan, wọ́n ra ọ̀rọ̀ yẹn ni. Rírà yìí pọ̀ débi pé Amẹ́ríkà ṣòfin tó kà á léèwọ̀, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024.

Ẹ sì gbọ́ ti ìwé Michelin. Iléeṣẹ́ táyà ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1900 fún àwọn onímọ́tò, 1926 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ilé oúnjẹ ní ìràwọ̀. Àwọn tí wọ́n ń rán jáde kì í sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, wọ́n á jẹun, wọ́n á sanwó. Àwọn ilé ìràwọ̀ yẹn kì í ṣe ibi téèyàn ń lọ lálẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Èyí tó bá wa mu ni àmì wọn kejì, Bib Gourmand, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997 fún ilé tí oúnjẹ rẹ̀ dáa tí owó rẹ̀ kò sì pa èèyàn lára. Bó bá wà ní ìlú yín, ẹ wá a.

Ní ti dídá jẹun, ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń ṣe é, torí ìgbà tí àwọn ará ilé mi ń sùn ni mo máa ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ẹ má jókòó sáàárín. Ẹ jókòó sí ibi tẹ́ ẹ ti lè rí ilé ìdáná, kí ojú yín lè rí nǹkan wò yàtọ̀ sí fóònù. Ẹ lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ má lọ lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ lọ síbì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wákàtí kan náà. Nígbà àkọ́kọ́, àlejò ni yín. Nígbà kejì, wọ́n á máa wò yín bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí orúkọ yín. Nígbà kẹta, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sádùúgbò ni.

Alásè_Tẹ́lẹ̀rí tún kọ ọ́ pé:

Arìnrìn, o ṣeun. Àbúrò, jẹ́ n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa fún ọ. Ẹni tó bá dá jókòó, tó kọjú sí ilé ìdáná, a máa ń rí i. A kì í káàánú rẹ̀ rárá. A máa ń bu tiẹ̀ dáadáa, torí a mọ̀ pé ó ń wo ọwọ́ wa.

Aṣẹ̀ṣẹ̀dé padà wá, ó kọ ọ́ pé:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo pe ẹ̀ka ìlera. Ọjọ́, wákàtí àti ohun tí mo jẹ náà ni wọ́n bi mí, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn ìyẹn.

Ilé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe, ojoojúmọ́ ni mo ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Mi ò wọ̀ ọ́ rí torí ìràwọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Tábìlì mẹ́fà. Mo dúró síta, mo ka ohun tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára pátákó: mẹ́sàn-án, wọ́n sì ti fa ilà sí méjì nínú wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, agogo méje àbọ̀. Màmá àgbàlagbà kan ló ń nu tábìlì, àkísà méjì ló wà léjìká rẹ̀, funfun fún tábìlì, búlúù fún àga. Mo kàn jókòó ni. Gbogbo ohun tí Alásè sọ ló ń ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Nígbà kejì tí mo lọ, ọbẹ̀ tí wọ́n gbé wá kò gbóná tó. Àyà mi ń já, àmọ́ mo sọ ọ́, gẹ́lẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ní kí n sọ ọ́. Màmá náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ abọ́ náà, ó ní, "Òótọ́ ni." Ó gbé e lọ. Abọ́ mìíràn ló gbé padà, ó ń ru gùdù, ooru rẹ̀ bo awò ojú mi tí mi ò fi ríran fún ìgbà díẹ̀.

Àná ni ìkẹta. Mo fi fóònù sínú báàgì, mo jókòó síbi tí mo ti ń wo ọkùnrin tó ń gé àlùbọ́sà. Mo sọ fún màmá pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sádùúgbò ni. Ó ní òun ti mọ̀, òun máa ń rí mi tí mo bá ń sáré lọ wọkọ̀ láàárọ̀. Ó bi mí bóyá bíi ti ọjọ́sí ni. Mo ní rárá, ẹja ni mo fẹ́ jẹ lónìí.

Ó ní ẹja ti tán, kí n tètè dé ní Ọjọ́bọ̀.